Ẹja Ni Ìyá Ń Tà Fún Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé fún magasíìnì, tí ẹ sì ń wá bí àròkọ yín yóò ṣe di ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ó ṣì ń dùn mí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ àròkọ kí ìwé tèmi tó jáde. Ìtàn Ẹ̀pẹ́ ni, láti ìgbà tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, sá wá síbí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé e kúrò l'Ékòó ní 1851, títí dórí àwọn ìyá tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo lónìí. Ìyá kan ló gbé orí kẹfà ró. Ọdún méjì ni mo fi ń jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí òjò ká wa mọ́, ó sọ ohun tó wáyé láàárín òun àti ọkọ rẹ̀ lálẹ́ tí ọkọ wọ ọ̀sà tí kò padà wálé. Rẹ́kọ́dà mi wà lórí àpótí, iná pupa rẹ̀ ń tàn. Ìyá rí i. Mo gbà pé ó ti yọ̀ǹda nìyẹn.

Nígbà tí ìwé dé, mo mú ẹ̀dà kan lọ fún un tayọ̀tayọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbà á, ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sókè. Àwọn onísọ̀ kóra jọ. Nígbà tó kan alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀bẹ tí Ìyá fi ń ha ìpẹ́ epìyà dúró. Kò wò mí. Ó gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ó pa á dé, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, ó nà án sí mi.

“Ọmọ mi, ẹja ni mo ń tà fún ẹ. Mi ò ta ìyẹn.”

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí olè.

Mo yí orúkọ rẹ̀ padà o! Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Olúwo?

Torí náà, ẹ kà á sétí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kó tó di títẹ̀. Kì í ṣe kókó rẹ̀ lásán, gbogbo rẹ̀ ni, ní èdè tó fi bá yín sọ ọ́. Olóòtú mi àkọ́kọ́ kọ́ wa pé a kì í fi àròkọ han ẹni tó dá lé kó tó jáde. Ní ti olóṣèlú, mo fara mọ́ ọn dòní. Ìyá kì í ṣe olóṣèlú. Àdéhùn tí Kòsọ́kọ́ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ní 1854, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ̀ ẹ́ wò kí n má baà ṣi ọjọ́ kọ, bẹ́ẹ̀ Kòsọ́kọ́ ti kú láti 1872. Ẹni tó wà láàyè, tó ń fún mi níjòókòó, n ò bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ṣáà kà á sí i létí.

Mo kó àwọn àgbà lọ bẹ̀ ẹ́, a sì ti yọ ojú ewé náà nínú àtẹ̀jáde kejì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kúnlẹ̀ kí i, ó dá mi lóhùn. Kò tíì ta ẹja fún mi.