Encephalartos woodii àti Gilbert's potoroo: èwo ló sún mọ́ àtirun jù?

Tí a bá fi iye wọn nìkan wò ó, potoroo ni a ó dárúkọ. Ẹranko kékeré tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn ni, kò wúwo ju nǹkan bíi kílò kan lọ, ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà nìkan ló sì wà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi gbà pé ó ti run, kó tó di pé wọ́n tún rí i ní Two Peoples Bay ní 1994. Woodii ní tirẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn igi tó jọ ọ̀pẹ tí wọ́n ń pè ní cycad, wà nínú ọgbà ewéko káàkiri ayé. Síbẹ̀, woodii lọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára jù.

Akọ ni gbogbo woodii tó wà. Igi cycad kì í ní akọ àti abo lórí ìdí kan náà, ìdí kan ṣoṣo sì ni onímọ̀ ewéko John Medley Wood rí létí igbó oNgoye ní South Africa ní 1895. Wọn ò tíì rí abo rẹ̀ dòní. Ọmọ ìdí ni wọ́n ń yọ gbìn, bí a ṣe ń yọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀bẹ mímọ́ ni kí ẹ fi gé e. Ẹ gé ewé rẹ̀ kúrò, torí kò tíì ní gbòǹgbò tó máa fa omi fún un. Ẹ fi oògùn tó ń dènà ìjẹrà sójú ọgbẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó gbìn ín sí iyẹ̀pẹ̀ oníyanrìn tí omi kì í dúró sí. Omi àpọ̀jù ló ń pa á jù: inú ni á ti máa jẹrà, ìta ò ní tètè fi hàn. Èyí tó bá sì yè, igi kan náà ni. Wọ́n ń da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ (pollen, èyí tí akọ fi ń mú kí abo so) sí abo Encephalartos natalensis, cycad mìíràn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, wọ́n á tún da á sí àwọn ọmọ tó bá jẹ́ abo. Ìran kọ̀ọ̀kan ń sún mọ́ woodii sí i, ṣùgbọ́n àdàlù ni.

Potoroo kò ṣeé gé gbìn. Olú abẹ́ ilẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oúnjẹ rẹ̀, kò sì rọrùn láti sìn. Iná 2015 jó èyí tó pọ̀ jù nínú ibùgbé rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí erékùṣù Bald Island láti 2005 ni kò kàn. Nígbà tí wọ́n bá mú abo nínú pàkúté, ìbẹ̀rù lè mú kó ju ọmọ sílẹ̀ láti inú àpò, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ wà, abo wà, ó sì ń bí.

Cycad wà ní Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà náà, Encephalartos barteri. Ẹ má hú u gbìn sí ojúlé. A kì í mọ akọ yàtọ̀ sí abo àfi tó bá yọ kóónù: ti akọ ń da lẹ́búlẹ́bú, ti abo ń gbé kóró. Ẹni tó bá hú èyí tí kò tíì yọ kóónù lè jẹ́ pé abo kan ṣoṣo tó wà lórí òkè yẹn ló gbé lọ.