Má Fi Etí Ra Sáílẹ́ńsà

Ohùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀lé tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ sáílẹ́ńsà alùpùpù. Ariwo kì í ṣe agbára o. Lórí ẹ́ńjìnnì kékeré bíi 125cc, agbára tí sáílẹ́ńsà nìkan ń fi kún un kò tó nǹkan. Ohun tó sábà máa ń hàn kíákíá ni pé alùpùpù fúyẹ́ sí i.

Ẹ lè pààrọ̀ sáílẹ́ńsà ẹ̀yìn nìkan, ẹ sì lè pààrọ̀ gbogbo páìpù láti ẹnu ẹ́ńjìnnì. Ti ẹ̀yìn nìkan tó ẹni tó ń fi alùpùpù lọ síbi iṣẹ́. Tí ẹ bá pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú ihò sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń wo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú èéfín) wà lára páìpù tuntun. Ní ti ìwọ̀n ojú òwú ihò náà, M18x1.5 ló pọ̀, àwọn kan jẹ́ M12x1.25.

Ẹ wọn ara páìpù yín lóde kí ẹ tó rà á. Ẹnu ọ̀pọ̀ sáílẹ́ńsà fẹ̀ tó 51mm. Tí páìpù yín bá kéré sí i, ẹ máa nílò òrùka ìsopọ̀. Ẹ má sì wá páìpù tó fẹ̀ jù. Àwọn kan ní ẹ́ńjìnnì fẹ́ kí èéfín há díẹ̀, ṣùgbọ́n eré èéfín ló ń fẹ́: èyí tó ń jáde ló ń fa èyí tó kù lẹ́yìn. Páìpù gbàràgàdà á dín eré náà kù, alùpùpù á sì máa wúwo lẹ́sẹ̀ tí ẹ bá ń kúrò lójú kan.

Lẹ́yìn náà ló kan epo. Tí èéfín bá ń jáde geerege, afẹ́fẹ́ lè pọ̀ jù fún epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì. Tó bá jẹ́ kábúrétọ̀, ẹ fi jẹ́ẹ̀tì ńlá (ihò tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀) tó ga ní ìwọ̀n kan dán an wò. Ẹ ṣí iná (ọwọ́ tí ẹ fi ń fún un ní eré) tán lójú ọ̀nà tó dá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ wo àwọ̀ ẹnu rẹ̀. Funfun: epo ò tó, ooru sì lè ba písítọ̀nù jẹ́. Dúdú bí èédú: epo ti pọ̀ jù. Àwọ̀ páálí ló dára. Sẹ́ńsọ̀ alùpùpù onínjẹ́tọ̀ (èyí tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo fún) máa ń tún epo ṣe tí ẹ bá rọra ń lọ. Tí ẹ bá ṣí iná tán, ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń tẹ̀lé.

Tí ó bá ń dún pó-pó-pó nígbà tí ẹ jọ̀wọ́ iná, ẹ má tíì fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo oríkèé páìpù ná. Tí èédú bá lẹ̀ mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé níbẹ̀.

Nígbà ìdè, kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ bu òróró tó ń tú ìpẹtà sí nọ́ọ̀tì ẹnu ẹ́ńjìnnì, kí ó sùn mọ́jú. Ẹni tó bá fipá yí i lè kán irin rẹ̀ sínú. Gásíkẹ́ẹ̀tì (òrùka tó ń dí ẹnu páìpù) tuntun ni kí ẹ lò, èyí àtijọ́ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ẹ rọra fi ọwọ́ mú gbogbo nọ́ọ̀tì, kí ẹ wá dè é: ti ẹnu ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, lẹ́yìn náà kílámù (òrùka tó ń fún páìpù pọ̀), bùrákẹ́ẹ̀tì (irin tó gbé sáílẹ́ńsà mọ́ ara alùpùpù) gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá kọ́kọ́ de bùrákẹ́ẹ̀tì, páìpù á máa fà á, yóò sì sán nígbà tó bá yá. Ẹ fi sípíríìtì nu ojú ìka kúrò lára irin kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ooru á jó o mọ́ ọn.

Èmi a máa yan sáílẹ́ńsà tí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì (ìṣó tí wọ́n tẹ̀ lórí) dì. Òwú inú rẹ̀ tó ń gba ariwo á jóná lọ́jọ́ kan, ohùn á sì le sí i. Ẹ lè ṣí i, kí ẹ kó tuntun sí i. Èyí tí wọ́n bá fi iná wẹ́dà jó pa kò ṣeé ṣí láìgé e.