Ìtọ̀ tó há

Láàárọ̀ yìí ni wọ́n gbé bàbá kan wá bá wa ní ilé ìwòsàn láti apá Ọjà'ba. Láti alẹ́ àná ni ìtọ̀ ti há, abẹ́ ìdodo wọn le gbandi. Àwọn ará ilé ti fún wọn ní àgbo àti omi púpọ̀ kó lè ti ìtọ̀ jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà bá ti dí, ohun tí èèyàn bá mu kàn ń kún àpò ìtọ̀ sí i ni. Nǹkan bíi mìlílítà 400 sí 500 ni àpò yìí máa ń gbà. Ìtọ̀ tí a fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tì bọ ọ̀nà ìtọ̀ fà jáde lára Bàbá lé ní lítà kan. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, kíndìnrín á fara gbá a.

Prostate, ẹ̀yà ara kan tí ọkùnrin ní, ló sábà máa ń fà á fún àgbà ọkùnrin. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká. Kì í ju èso àwúsá lọ nígbà ọ̀dọ́. Bó bá wú, ó ń fún ọ̀nà náà. Ìtọ̀ á máa kán tó-tó, oorun òru á dàrú. Oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine, èròjà tó ń la imú tó dí, lè wá dí i pátápátá lójijì. Ìgbẹ́ gbígbẹ náà lè ṣe é. Ẹ má tẹ ikùn, ẹ má dúró di ọ̀la: ilé ìwòsàn ni kíá.

Ti obìnrin yàtọ̀. Ọ̀nà ìtọ̀ wọn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ti ọkùnrin tó 20, ìdí nìyẹn tí kòkòrò àìsàn fi tètè ń dé àpò ìtọ̀ wọn. Bí wọ́n bá tọ̀ tàbí yàgbẹ́ tán, iwájú lọ sẹ́yìn ni kí wọ́n máa nù.