Orúkọ Tí Bàbá Fa Ìlà Sí

Lọ́dọọdún, tó bá ti di ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, ẹgbẹ́ aládùúrà wa máa ń pàdé lálẹ́, a ó sì ka orúkọ àwọn tí wọ́n pa ní Pakísítàn nítorí pé wọ́n jẹ́ Kristẹni, àti tàwọn tí wọ́n pa nítorí pé wọ́n gbẹnu sọ fún Kristẹni. Ọwọ́ mi ni ìwé orúkọ náà wà, ìwé ẹlẹ́yìn búlúù kan tí etí rẹ̀ ti ń ká. Èmi ni mò ń kọ ọ́, èmi náà ni mo sì máa ń kà á, àfi orúkọ kan ṣoṣo tí Bàbá máa ń ní àwọn fúnra àwọn ni àwọn ó kà.

Lọ́dún yìí, bí àdúrà ṣe parí, Bàbá ní kí n gbé ìwé náà wá. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n wo ojú ewé náà títí, wọ́n sì fi bírò fa ìlà gbọọrọ sí orúkọ kan. Salmaan Taseer.

"Mùsùlùmí lèyí," ni wọ́n wí. "Kí ló ń wá láàárín àwọn ajẹ́rìíkú?"

Mi ò fèsì. Àgbà ni wọ́n, àárín èrò la sì wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn. Ohun tí ǹ bá sọ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà ni mò ń kọ yìí.

Omi ló dá ọ̀rọ̀ tó pa Taseer sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2009, àwọn obìnrin kan ń já èso falsa lóko olóko ní Ittan Wali, abúlé kan ní agbègbè Sheikhupura, ní ìpínlẹ̀ Punjab. Asia Bibi wà láàárín wọn. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, ó pọn omi wá, òun náà sì fi ife bù mu nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ò ní mu omi tí Kristẹni ti fẹnu kàn, wọ́n ní ó ti di aláìmọ́. Ó dá wọn lóhùn, wọ́n dá a lóhùn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní ó sọ ọ̀rọ̀ òdì sí Ànábì. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2010, adájọ́ ní kí wọ́n so ó rọ̀ títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára rẹ̀. Ìyá ọmọ ni o! Mo ti sọ ìtàn yìí lẹ́nu mi ní àìmọye ìgbà, ibi ife omi yẹn náà ni ohùn mi ti máa ń há.

Abala 295-C ni wọ́n fi dá a lẹ́jọ́. Ọ̀gágun Zia ul-Haq ló wà lórí àlééfà nígbà tí wọ́n fi abala náà kún ìwé òfin Pakísítàn lọ́dún 1986: ẹni tó bá tàbùkù Ànábì, ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére. Ní 1990, ilé ẹjọ́ Ṣàríà ìjọba àpapọ̀ ní ikú nìkan ni ìjìyà tó tọ́ sí i. Ẹni tó fẹ́ fẹ̀sùn kan aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jà nítorí ilẹ̀ tàbí nítorí omi, ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó o. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹlẹ́rìí kì í fẹ́ tún ọ̀rọ̀ tó ní òun gbọ́ sọ, kí wọ́n má bàa ní òun náà ti sọ ọ̀rọ̀ òdì. Báwo lẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ṣe fẹ́ gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè tún sọ?

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ìjọba Pakísítàn ò tíì pa ẹnì kankan lábẹ́ òfin yìí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí lèyí fẹ́ ṣe fún òkú? Manzoor Masih, ìbọn ni wọ́n fi pa á ní Lahore lọ́dún 1994, bó ṣe ń ti ilé ẹjọ́ bọ̀, kí ẹjọ́ rẹ̀ tó parí. Ní oṣù Kọkànlá 2014, èrò lu tọkọtaya kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sun bíríkì ní Kot Radha Kishan, wọ́n sì sun wọ́n níná níbẹ̀. Aboyún ni ìyàwó. Kò sí adájọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Adájọ́ gan-an ò bọ́. Àwọn méjì tí wọ́n jọ fẹ̀sùn kan pẹ̀lú Manzoor Masih, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọdé, ilé ẹjọ́ gíga Lahore dá wọn sílẹ̀ ní 1995. Arif Iqbal Bhatti wà lára àwọn adájọ́ tó dá wọn sílẹ̀. Lọ́dún 1997, wọ́n wọlé tọ̀ ọ́ lọ ní ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa á. Mùsùlùmí ni òun náà. Orúkọ rẹ̀ ti pẹ́ nínú ìwé mi, Bàbá ò sì fa ìlà sí i. Mo rò pé Bhatti tó wà nínú orúkọ rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n rò pé mọ̀lẹ́bí Shahbaz Bhatti ni, mínísítà Kristẹni tí wọ́n pa ní 2011.

Orúkọ kan tún wà tó jẹ́ pé pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́. Bíṣọ́ọ̀bù John Joseph ti Faisalabad gba ẹ̀mí ara rẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́ ní Sahiwal, ní oṣù Karùn-ún 1998, nítorí Kristẹni kan tí wọ́n dájọ́ ikú fún níbẹ̀. Mi ò fara mọ́ ohun tó ṣe, mi ò sì lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ọkùnrin náà sílẹ̀ ní 2002.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí Taseer. Gómìnà Punjab ni. Olówó ni, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú obìnrin tó ń já èso lóko olóko. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dájọ́ ikú fún Asia Bibi, ó lọ bá a nínú ẹ̀wọ̀n, ó jókòó tì í níwájú àwọn oníròyìn, ó ní òun ó mú ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tọ ààrẹ lọ. Ó pe òfin náà ní òfin dúdú. Wọ́n kéde pé òun náà ti di asọ̀rọ̀ òdì, kò sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní 2011, ní Kohsar Market ní Islamabad, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀sọ́ tí ìjọba ní kó máa ṣọ́ ọ da ìbọn bò ó. Nígbà tí wọ́n mú apànìyàn náà wá sílé ẹjọ́, àwọn agbẹjọ́rò ń da òdòdó róòsì lé e lórí. Agbẹjọ́rò o! Àwọn tó kàwé òfin.

Ta ló tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn èyí? Shahbaz Bhatti sọ̀rọ̀. Òun ni mínísítà fún àwọn ẹlẹ́sìn tí kò pọ̀ níye, Kátólíìkì ni, láti Khushpur ni àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá. Òun ló lọ sí Gojra ní 2009 nígbà tí wọ́n jó ilé àwọn Kristẹni tí èèyàn sì kú sínú iná. Ó mọ̀ pé ikú ń bọ̀, ó tiẹ̀ ti sọ ọ́ sínú fídíò sílẹ̀ pé òun ṣe tán láti kú nítorí àwọn tí ìyà ń jẹ. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta 2011 ló jáde nílé ìyá rẹ̀ ní Islamabad, tí wọ́n dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, tí wọ́n sì yìnbọn pa á. Oṣù méjì kò tíì pé tí wọ́n pa Taseer. Bíbélì rẹ̀ wà ní Róòmù báyìí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì San Bartolomeo.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá pa ẹlẹ́rìí, ẹjọ́ ló fẹ́ pa. Ìbọn tí wọ́n yìn fún gómìnà náà, Asia Bibi ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ kí ó ṣẹ́ ku òun nìkan, kí ẹnikẹ́ni má dúró tì í mọ́.

Wọn ò rí i ṣe. Saif-ul-Malook, Mùsùlùmí, ló ṣe agbẹjọ́rò rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Àwọn adájọ́ mẹ́ta, Mùsùlùmí, ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá 2018, wọ́n ní ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí ò kò. Èrò di ojú pópó, àwọn aṣáájú wọn ń sọ ní gbangba pé ikú tọ́ sí àwọn adájọ́ náà. Agbẹjọ́rò sá lọ sí Netherlands, ó sì tún padà wá ní oṣù Kìíní 2019 nígbà tí wọ́n ní kí ilé ẹjọ́ tún ẹjọ́ náà gbé yẹ̀ wò. Ó padà wá! Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, Asia Bibi dé Kánádà.

Kò tíì tán. Ní oṣù Kẹjọ 2023, wọ́n jó ṣọ́ọ̀ṣì tó lé ní ogún ní Jaranwala, wọ́n sì ba ilé jẹ́ lọ rẹpẹtẹ, nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n ya Kùránì. Àwọn Kristẹni sùn sínú oko ìrèké lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn aládùúgbò Mùsùlùmí kan sì wà tó fi wọ́n pamọ́ sílé.

Orúkọ tí Bàbá máa ń kà fúnra wọn ni Akash Bashir. Ẹni ogún ọdún ni, ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì St John ní Youhanabad, ní Lahore, ní oṣù Kẹta 2015. Ẹni tó di bọ́ǹbù mọ́ra fẹ́ wọlé, Akash dì í mú, kò jẹ́ kó wọlé, àwọn méjèèjì sì kú síbẹ̀. Omi máa ń bọ́ lójú Bàbá kí wọ́n tó pe orúkọ náà tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé Taseer ò ní ṣàjèjì sí wọn tí mo bá sọ fún wọn ibi tó dúró sí.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo ka gbogbo èyí fún wọn nílé wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní àwọn ó rò ó. Wọn ò tíì dá mi lóhùn. Mo ti tún ojú ewé náà kọ. Taseer wà ní ìlà tó ṣáájú ti Shahbaz Bhatti, nítorí pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ pa.