Ọmọ ajá tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ń ṣàìsàn: ọjọ́ ló máa sọ ibi tó ti kó o

Ọmọ ajá dé ilé tuntun, ó kọ oúnjẹ, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí òórùn ẹ̀ ń gba gbogbo ilé kan. Ẹni tó tà á á ní, "Ara ẹ̀ le nígbà tó kúrò lọ́wọ́ mi." Ẹni tó rà á á ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n ti kó àìsàn tà fóun ni. Ariwo ò lè yanjú ẹ̀. Ẹ ka ọjọ́.

Parvo, àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ìfun ajá jẹ́, ló sábà máa ń jẹ́. Láti ìgbà tí àrùn yẹn bá wọ ajá lára títí tó fi máa hàn síta, ọjọ́ 3 sí 7 ló máa ń gbà, ó sì lè tó 14. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì tó délé ló ti ń bì, kò lè jẹ́ ilé yín ló ti kó o. Tó bá ti ju ọjọ́ 14 lọ, àyíká tiyín ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Àárín méjèèjì ni ẹjọ́ wà.

Ṣùgbọ́n dókítà ẹranko ló kọ́kọ́ kàn, torí parvo lè pa ọmọ ajá láàárín ọjọ́ 2 sí 3 tí kò bá rí ìtọ́jú. Kò sí oògùn tó ń pa àrùn náà gan-an. Omi ni wọ́n máa fà sí i lára, wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró àti oògùn tó ń gbógun ti bakitéríà, torí ìfun ẹ̀ ti ń bó nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ajá tó ń bì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn á tún di àìsàn mìíràn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ lọ́nà, ẹ ṣí ètè ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìka tẹ èrìgì ẹ̀. Ó máa funfun, ó sì yẹ kó padà pọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ò rìn dáadáa lára ẹ̀ mọ́, ẹ sáré. Tí èrìgì bá funfun báláú látilẹ̀wá, tí ìtọ̀ ẹ̀ dúdú bí omi zobo, tí eégbọn sì wà létí ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibà eégbọn. Ìtọ́jú ìyẹn yàtọ̀, ọjọ́ tí mo kà lókè kò sì bá a mu.

Ẹ ní kí dókítà fi ìgbẹ́ ẹ̀ ṣe àyẹ̀wò parvo. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni. Ẹ ya fọ́tò ìlà tó jáde lórí ike àyẹ̀wò náà, kí ọjọ́ hàn nínú ẹ̀. Tí kò bá fi nǹkan kan hàn tí ara ajá ò sì yá, ẹ tún un ṣe, torí ó lè kọ́kọ́ fò ó. Àwọn kan lára àwọn tó ń ta ajá máa ń ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fa ìlà yẹn. Lóòótọ́, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lè mú kí ìlà tí kò hàn dáadáa jáde. Kì í mú ajá yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí ẹni tó tà á. WhatsApp ni, ẹ má pè é nìkan, torí ọ̀rọ̀ ẹnu kò ṣeé fi hàn ẹnikẹ́ni. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ajá tí mo gbà lọ́wọ́ yín ní Sátidé bẹ̀rẹ̀ sí í bì ní Mọ́ńdè. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, parvo ni, fọ́tò rè é. Ṣé ara àwọn tí wọ́n jọ bí le? Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ gún un lábẹ́rẹ́?" Ẹni tó ń sin ajá dáadáa á fẹ́ mọ̀, torí àwọn tó kù nílé ẹ̀ wà nínú ewu. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú yín láìbéèrè àwọn tó kù, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Káàdì àjẹsára ńkọ́? "Ó ti gbabẹ́rẹ́" kò tó. Lébẹ̀lì tí wọ́n yọ lára ìgò ló yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú ọjọ́ àti òǹtẹ̀ dókítà. Abẹ́rẹ́ kan ní ọ̀sẹ̀ 6 kò parí iṣẹ́, torí agbára tí ọmọ ajá gbà lára ìyá ẹ̀ lè sọ ọ́ di asán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn títí di ọ̀sẹ̀ 16. Èyí tí wọ́n gún ní ìjẹta kí wọ́n tó tà á kò tíì ràn án lọ́wọ́. Èyí tí kò sì wà nínú òtútù 2 sí 8°C, omi lásán ni.

Tó bá kú, ẹ má tíì sin ín. Ẹ gbé e sí fíríìjì, ẹ má jẹ́ kó dì, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún dókítà láti là á wò. Wọ́n ń ṣe é nílé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹni tó tà á lè fẹ́ fún yín ní òmíràn. Ẹ má gbà á wọlé kíá, torí parvo lè gbé nílẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kódà ọdún kan. Ọṣẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi fọ ilẹ̀, torí bílíìṣì kì í ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà, ife bílíìṣì 1 sínú ife omi 30, kó wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Bílíìṣì kì í ṣiṣẹ́ lórí iyẹ̀pẹ̀. Ajá tó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ ẹ̀ tán nìkan ló lè dé ibẹ̀.

Tó bá di ọ̀rọ̀ owó, ilé ẹjọ́ Small Claims wà ní Èkó láti 2018, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Iye owó tó dájú ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé kẹ́ ẹ tó sanwó: dókítà á yẹ ajá náà wò láàárín wákàtí 72, tí parvo bá jáde láàárín ọjọ́ 14, iye báyìí ló máa dá padà, ó sì máa san iye báyìí lórí owó ìtọ́jú. Kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú.