Ohun tí ilé-iṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ń tà

Láti ọdún 2003 títí di 2011, mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọ-fọ́tò kan ní agbègbè Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo. Èmi ni mo máa ń gba fíìmù lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán, tí mo ń kọ orúkọ wọn sára àpòòwé, tí mo sì ń pín fọ́tò fún wọn bí ẹ̀rọ bá ti fọ̀ ọ́ tán. Bí ọjọ́ Sátidé tí ìgbéyàwó pọ̀ bá kọjá, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èrò a máa tò dé títì. Ọ̀gá wa a máa sọ pé iṣẹ́ yìí kò lè parẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò sọmọ lórúkọ, tí yóò gbéyàwó, tàbí tí yóò sìnkú òbí rẹ̀, tí kò ní ya fọ́tò. Òótọ́ ni. Títí di òní, kò sí ẹni tó dáwọ́ fọ́tò yíyà dúró. Fíìmù ni wọ́n pa tì. Ọ̀kan náà ni àwa ka fọ́tò àti fíìmù sí, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní ìlú wa ṣì ń ṣe irú àṣìṣe yẹn lónìí.

Ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá ṣe é. Lọ́dún 1975, ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan ní Kodak, ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Steve Sasson, ṣe kámẹ́rà kan tí kò lo fíìmù. Ó wúwo tó kílò mẹ́ta àbọ̀, àwòrán kan ṣoṣo sì máa ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 23 kó tó wọ inú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Kò dára kí a máa sọ pé Kodak kò rí ohun tó ń bọ̀, nítorí inú ilé wọn ni wọ́n ti bí i. Ohun tó mú wọn lọ́wọ́ dání ni pé fíìmù kan ṣoṣo ń pa owó lọ́pọ̀ ìgbà: a óò tà á, a óò ta kẹ́míkà tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, a óò sì tún ta bébà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Ta ni yóò fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí irú orísun bẹ́ẹ̀? Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, Kodak lọ sílé ẹjọ́ láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè.

Fujifilm ti ilẹ̀ Jàpáánù, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1934, wà nínú ewu kan náà. Ọ̀gbẹ́ni Shigetaka Komori tó darí wọn nígbà náà ní kí wọ́n jókòó ka gbogbo ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó wúlò níbòmíràn. Wọ́n rí i pé èròjà kọ̀lájẹ́ìnì tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù wà nínú awọ ara ènìyàn, àti pé ohun tí wọ́n mọ̀ nípa bí àwọ̀ fọ́tò kò ṣe ní ṣá lè ran awọ ara tó ń gbó lọ́wọ́. Lọ́dún 2007, wọ́n gbé ìpara Astalift jáde. Ìmọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ fíìmù ni wọ́n tún fi ṣe èyí tí àwọn tó ń ṣe ojú tẹlifíṣàn àti kọ̀ǹpútà ń rà. Ìyípadà náà ní ẹkún nínú, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, n kò sì ní fi èyí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Kodak, ní ọdún 1994, ti yọ ẹ̀ka kẹ́míkà rẹ̀ kúrò lára, ó di ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ìmọ̀ tó wà níbẹ̀ sì bá a lọ.

Àwa ọmọ Òṣogbo kò yẹ kí a ti Jàpáánù kọ́ èyí. Ìlú aró ni a ń pè wá, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà BASF ti ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró oníkẹ́míkà lọ́dún 1897, ilé iṣẹ́ kan jìnnà réré ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó ń gún ewé èlú, tó ń mọ ọ́n, tó sì ń gbé e lọ sọ́jà. Nígbà tí aró òyìnbó dé ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀kọ àti iyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ kò ṣófo. Ó ra aró tuntun, ó sì ń ya ọnà rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, aláwọ̀ púpọ̀ tí a ń pè ní kàm̀pálà tún dé, ọwọ́ yẹn kan náà ló ṣe é.

Ní ti àwa, ẹnu káńtà ni àmì ti kọ́kọ́ hàn. Láti 2006 ni àwọn oníbàárà ti ń bi mí bóyá a lè tẹ fọ́tò láti inú mẹ́mọ́rì káàdì. Mo ń fa ìlà kan sínú ìwé mi fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, ìlà náà sì ń pọ̀ sí i lóṣooṣù. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa rẹ̀ níbi iṣẹ́. Lọ́dún 2008, ọ̀gá wa yá owó láti fi ra ẹ̀rọ ìfọ-fíìmù kejì. Bí mo bá láṣẹ lórí ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí lónìí, ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn ni n óò kọ́kọ́ pè jókòó, ṣáájú kí n tó pe ẹni tó ń ta ẹ̀rọ. N óò sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ àtijọ́ ṣì ń mówó wọlé, nítorí owó yẹn nìkan ló lè bọ́ iṣẹ́ tuntun títí yóò fi dúró. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa yé ọ̀gá wa, gbèsè ló fi ń gbìyànjú.

Ìmọ̀ wà lọ́wọ́ wa. A mọ bí àwọ̀ ara wa ṣe gbọ́dọ̀ hàn lórí bébà tí kò fi ní dà bí èédú, a mọ gbogbo ayàwòrán ìlú, a sì ní négátíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀ tí a fi ń tẹ fọ́tò, ti ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ọdún Ọ̀ṣun fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú páálí. Nígbà tí a ti ilé náà pa, wọ́n kó àwọn páálí wọ̀nyẹn sórí ààtàn, wọ́n sì dáná sun wọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan dá mi mọ̀ ní ọjà Olú-Ọdẹ. Ìyá rẹ̀ ti kú, iná sì ti jó fọ́tò ìgbéyàwó ìyá náà nílé. Ó bi mí bóyá négátíìfù rẹ̀ ṣì wà níbì kan, ó ní iye tí a bá pè é lòun máa san.