Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Oníkọfí ní Utako

Ní Utako ní Abuja, nítòsí ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Èkó àti Ìbàdàn ti ń já èrò sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí kò ní pátákó orúkọ, tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí kò sì ní ju bẹ́ǹṣì mélòó kan àti tábìlì gbọọrọ kan lọ. Kọfí ni wọ́n ń tà níbẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì fún ẹni tí ebi bá ń pa. Bàbá Oníkọfí ni gbogbo wa ń pe ẹni tó ni ín. Ọmọ Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí ni wọ́n, “Òkun o!” ni wọ́n sì fi ń kí gbogbo ẹni tó bá wọlé, ìbáà ṣe Haúsá, ìbáà ṣe Gbàgyí, ìbáà ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba.

Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí ní Abuja lọ. Owó àti wàhálà tí àwọn ẹlòmíràn ń ná sórí àga olówó iyebíye àti iná mèremère, inú ife ni bàbá ń ná tiwọn sí.

Irú kọfí méjì ló gbòde jù lágbàáyé. Arabica fẹ́ràn ibi gíga tó tutù, irú òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Robusta ní tirẹ̀ ń ṣe dáadáa nínú ooru ilẹ̀ tí kò ga, òun ló sì wà ní agbègbè Kabba àti Ìjùmú. Arabica ni àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá fi ń yangàn, wọ́n sì ti ba Robusta lórúkọ jẹ́ pé kọfí alágolo nìkan ló wúlò fún. Lóòótọ́ ni ó korò, ara ohun tó fà á sì ni pé kaféènì inú rẹ̀, èròjà tó ń lé oorun lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Arabica, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìkorò tí a dá mọ́ nǹkan, ọ̀tọ̀ sì ni ti iná tó jó o kọjá ààlà. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń mu tí a sì ń yínmú sí, ẹni tó yan án ló bà á jẹ́, kì í ṣe igi tó so ó.

Ọjọ́ Sátidé ni bàbá máa ń yan tiwọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, nínú agbada irin lórí iná èédú, wọn kì í sì í fa omorogùn lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Hóró náà á kúrò ní àwọ̀ ewé, á pọ́n díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàpàpà, nítorí pé omi inú rẹ̀ ti di oru tó ń wá ọ̀nà àbájáde. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fi í sílẹ̀ títí yóò fi dúdú tí yóò máa yọ epo. Bí títa náà bá ti ń rọlẹ̀ báyìí, bàbá á sọ agbada kalẹ̀, wọ́n á da kọfí sórí atẹ, wọ́n á sì máa fẹ́ ẹ kí ó lè tètè tutù, kí ìyàngbò sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Wọn kì í lò ó lọ́jọ́ náà, nítorí gáàsì tí iná dá sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Ìgbà tí a bá béèrè ni wọ́n tó ń lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ yí, wọ́n á sì fi asẹ́ aṣọ sẹ́ ẹ. Adùn bíi ti ẹ̀pà yíyan ló máa ń gbẹ̀yìn lórí ahọ́n mi.

Oko bàbá wọn ni wọ́n ti mọ kọfí, láyé ìgbà tí Nigerian Cocoa Board ṣì ń bójú tó títa rẹ̀. Nígbà tí ìjọba tú irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ ká lọ́dún 1986, tí àdéhùn tó ń gbé owó kọfí ró lágbàáyé sì tún dàrú lọ́dún 1989, àgbẹ̀ púpọ̀ pa kọfí tì, wọ́n kọjú sí kaṣú. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Oníkọfí lóbìnrin ló ṣì ń tọ́jú oko ìdílé náà, láti ibẹ̀ sì ni àpò kọfí ti ń bá ọkọ̀ wá sí Abuja. Inú mi máa ń dùn sí i gan-an pé ohun tí ilẹ̀ wa so ni mò ń mu.

Mọ́là onítíì tó wà ní òdìkejì títì kì í ṣe ọ̀tá wọn rárá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bàbá ti kọ́ bí a ṣe ń se ata ilẹ̀ àti kànáfùrù mọ́ kọfí fún ẹni tó bá fẹ́. Èmi a máa mu tèmi lásán, láìsí mílíkì tàbí ṣúgà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti ń ṣí. Nígbà òjò, kọfí oko a máa tán nígbà mìíràn, bàbá á sì ti ìlẹ̀kùn títí àpò mìíràn yóò fi dé, dípò kí wọ́n bu ti alágolo fún oníbàárà. Wọn kò ní ife oníbébà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé tirẹ̀ lọ, kí ó mú fúláàsì dání.